Orogún Mi Onífèrèsé Mẹ́rin

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú afẹ́fẹ́ etí omi, ẹ kú ara líle, ẹ kú bí ọjọ́ ṣe ń lọ. Mo kúnlẹ̀ kí yín kí n tó jókòó mú bírò, orúnkún mi sì dùn mí bí mo ṣe ń dìde. Ohun tó ṣe orúnkún náà wà nínú ìwé yìí, ẹ máa tó kàn án. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń tọ́jú yín, mo kí ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn. Mo kí àwọn ìyá ìjọ. Mo kí àwọn apẹja ẹsẹ̀ odò tí wọ́n ṣì ń rántí pé ọmọ yín kan wà ní Ọ̀tà. Kí ẹ̀gbọ́n mi kà á fún yín, kó má sì fo ibì kankan, pàápàá ibi tí mo ti bú òun fúnra rẹ̀.

Èmi fúnra mi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Ẹ̀yin lẹ mú mi kúrò nílé ìwé kí n lè máa bá yín gbé ẹja lọ sọ́jà, ẹ̀gbọ́n mi sì ń lọ ní tiẹ̀. N kò tíì gbàgbé. Ṣùgbọ́n èyí tí mo kà náà tó mi láti fi bínú. Bọ́lá ọmọ mi pè láti Ìbàdàn, ó ní kí n máa sọ ọ́ sínú fóònù kí òun bá mi tẹ̀ ẹ́. Mo ní rárá o, ó máa bá mi yọ àwọn ibi tó gbóná kúrò. Mo sì ní kí wọ́n gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, kí gbogbo ayé kà á, torí pé gbogbo Ìwòpin ló ti mọ ọ̀rọ̀ yìí kí èmi tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti gbọ́ ti yín. Kí wọ́n gbọ́ tèmi náà.

Àlàáfíà la wà. Òjò ṣì ń rọ̀ níbí, ọ̀nà Ìjù ti di ẹrẹ̀, bọ́ọ̀sì àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kì í lè wọ àdúgbò wa mọ́. Fómù ni mo ṣì ń tà ní Sángo. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀dì máa ń ta àjákù fún wa, àwa náà á tún un gé, àá tà á fún onírọ̀rí àti aṣàga, àti àwọn ọmọ tó wá ṣiṣẹ́ láti Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun, tí wọ́n háyà yàrá kan tí wọn kò tíì ní ohun tí wọn ó sùn lé. Òjò ni ọ̀tá wa. Bó bá ká fómù mọ́ ìta, ṣe ló máa mu omi bí ẹni tó ń gbààwẹ̀ bọ̀, kò sì ní gbẹ bọ̀rọ̀. Ọjà ń lọ díẹ̀díẹ̀, a dúpẹ́, a kì í tọrọ jẹ.

Ẹ̀yin kò rí ṣọ́ọ̀bù náà rí. Ẹ kò rí ilé tí mo kọ́ rí. Láti ọjọ́ tí mọ́tò ti yí yín dà sínú igbó lọ́nà Ìjẹ̀bú, ẹ ti búra pé ẹsẹ̀ yín kò ní wọ mọ́tò mọ́ láyé yín, kò sì wọ̀ ọ́. Nígbà tí mo bẹ̀ yín kẹ́yìn pé kí ẹ wá, ẹ ní ẹ kò wá. Mo ní kí ẹ máa fẹsẹ̀ rìn bọ̀ nígbà náà. Ẹ pa fóònù mọ́ mi létí. Ẹ rántí.

Ó kù èmi àti ọkọ mi nínú ilé báyìí. Ẹ mọ̀ pé iléeṣẹ́ irin ló ti lo gbogbo agbára rẹ̀. Bó bá ṣiṣẹ́ alẹ́, òwúrọ̀ ló ń wọlé, òórùn irin ló sì ń sùn ti bẹ́ẹ̀dì mi ní gbogbo ọ̀sán. Mo fara dà á. Mo ní ọjọ́ tó bá fẹ̀yìntì, kò ní sí nǹkan mìíràn tí yóò máa wò bí kò ṣe èmi. Ó fẹ̀yìntì lóòótọ́. Ohun tó wá ń wò, èmi kọ́.

Ọkọ̀ ojú omi kan ni. Òyìnbó kan tó ṣiṣẹ́ ní Àgbárá ló ni ín tẹ́lẹ̀. Ó máa ń fi í ṣeré lórí ọ̀sà Ológè lópin ọ̀sẹ̀. Nígbà tó ń padà sí ìlú rẹ̀, ó fi í sílẹ̀ sínú ọgbà kan, koríko bò ó, aláǹgbá bímọ sínú rẹ̀. Ọkọ mi rí i, ó rà á, kò sọ fún mi. Èmi jókòó sí iwájú ilé, mo ń ṣa ẹ̀wà, mo rí i tí ọkọ̀ akẹ́rù kan ń fa ara rẹ̀ bọ̀ nínú ẹrẹ̀, ohun funfun kan wà lẹ́yìn rẹ̀, Bàbá Bọ́lá sì jókòó sókè ohun funfun náà bí ọba.

Kì í ṣe irú ọkọ̀ apẹja tiwa, Ìyá mi. Kò gùn. Ó ní ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn, ó ní yàrá kékeré níwájú, fèrèsé méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Ibi tí èèyàn lè gbé sítóòfù lé wà nínú rẹ̀, ibi tí èèyàn lè sùn mọ́jú lórí omi náà wà níbẹ̀. Àwọn ará àdúgbò jáde wá wò ó. Ìyá Sàámú, tó ń ta gáàrì ní òdìkejì ilé wa, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ló kọ́kọ́ pariwo pé wọ́n ti gbé ìyàwó tuntun wọlé fún Bàbá Bọ́lá, kí ìyálé tètè bu omi wá kó wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó kó tó kọjá ẹnu ọ̀nà, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ìyàwó gidi. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi náà ń rẹ́rìn-ín lókè níbẹ̀, ó ní òun ń retí omi o. Mo ní omi tó wà nílé, ẹ̀bà ni mo fẹ́ fi tẹ̀. Mo wá dìde dúró, mo ní kí gbogbo wọn gbọ́ ọ, ẹsẹ̀ mi kò ní kan ọkọ̀ yẹn láéláé.

Ohun tó dùn mí ni pé kò bi mí. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni ọkọ mi. Omi tó pọ̀ jù lọ tó rí ní kékeré, inú àmù ló wà. Èmi tí ẹ bí sí etí omi, tí mo mọ àjẹ̀ dì mú kí n tó mọ ṣíbí dì mú, inú ilé kan náà la jọ ń gbé. Kó kàn bi mí pé, Ìyá Bọ́lá, kí lo rí sí ọkọ̀ yìí? Kò bi mí.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú rẹ̀. Bó bá jí, ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń lọ. Á fọwọ́ gbá a lára pẹ̀pẹ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ sùn. Ó fi ọṣẹ mi fọ̀ ọ́, ó fi táwẹ́ẹ̀lì mi nù ún. Ó tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀ sórí tábìlì tí mo fi ń gé ẹ̀fọ́. Ó wá ibi tó sán lára rẹ̀ kàn, ó lẹ̀ ẹ́, ó fi pépà fá a títí ó fi dán. Ó ra bátìrì, ó ra ẹ̀rọ tó ń fa omi dànù, ó ra okùn, ó rọ ìdákọ̀ró fúnra rẹ̀. Ó kun ún ní ọ̀dà funfun, ó fi àwọ̀ búlúù sí i létí bí ẹni lé tìróò. Oúnjẹ mi ń tutù lórí tábìlì. Lọ́jọ́ kan òjò ṣú, fómù mi sì wà níta, mo ń pariwo pé kó wá bá mi gbé e. Ó sáré jáde lóòótọ́, ó gbé agbòòrùn, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó lọ wò ó bóyá omi ń jò wọ inú ọkọ̀. Kò rí fómù. Kò rí èmi tí mo gbé fómù.

Lẹ́yìn náà ló wá ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ará Sángo. Ẹ mọ̀ pé níbí, kò sí ohun tó ní fèrèsé tí a kì í fi irin dí nítorí olè. Ó gé irin, ó jó o mọ́ fèrèsé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ṣe géètì kékeré sí ẹnu ọ̀nà yàrá náà, ó fi àgádágodo ńlá sí i. Ó dúró, ó ń wò ó, inú rẹ̀ dùn. Mo fẹ́ dákẹ́. N kò lè dákẹ́. Mo dúró lórí ilẹ̀, mo ní bí ọkọ̀ yìí bá dojú dé, ibo ni ẹni tó wà nínú rẹ̀ máa gbà jáde? Ó ní olè ńkọ́? Mo ní olè wo ló máa lúwẹ̀ẹ́ wá? Ó ní kí n fi ọ̀rọ̀ irin sílẹ̀ fún òun, kí n lọ gbájú mọ́ fómù. Mo fi sílẹ̀ fún un.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ariwo ẹ̀rọ tó ń gé irin ló jí mi. Mo yọjú, mo rí i tó ń gé gbogbo rẹ̀ kúrò, iná ń ta yanyan. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní ẹnìkan gba òun nímọ̀ràn pé a kì í ti èèyàn mọ́ inú ọkọ̀ ojú omi. Mo ní ta ni ẹnìkan yẹn. Ó ní ẹnìkan tó mọ omi ni.

Ìyá mi, ẹnìkan tó mọ omi. Èmi ńkọ́? Ṣé orí òkè ni wọ́n ti gbé mi wá fún un ni?

Ọjọ́ yẹn ni owú wọ̀ mí lára gidi. Lọ́jọ́ tó lọ ra okùn ní Àgbárá, mo ní àfi kí n wo inú ọkọ̀ náà. Ṣùgbọ́n mo ti sọ pé ẹsẹ̀ mi kò ní kàn án, n kì í sì í kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Mo gbé àpótí ìjókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo fi orúnkún gùn ún, orúnkún náà ni mo fi rìn wọ inú yàrá, ẹsẹ̀ mi ń fò lókè lẹ́yìn mi. Ìyẹn ló fà á tí orúnkún fi ń dùn mí. Ìyá Sàámú dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó ń wò mí, ó ní kí n rọra o, pé ìyàwó kékeré kì í fẹ́ kí ìyálé yẹ ẹrù òun wò.

Bẹ́ẹ̀dì méjì ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan gùn, mo mọ̀ pé ti Bàbá Bọ́lá nìyẹn. Èkejì kúrú, ó tín-ínrín. Mo dùbúlẹ̀ sí i, ìdajì ìbàdí mi wà níta. Mo fọwọ́ tẹ fómù rẹ̀. Ẹni tó bá ti ta fómù pẹ́ bíi tèmi, ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n: kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù mi. Ọkọ mi lọ ra fómù lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Wọ́n fi aṣọ olódòdó rán an, ọwọ́ tó rán an sì dára, n kò ní purọ́. Ẹ̀wù méjì wà níbẹ̀, irú èyí tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Ọ̀kan tóbi. Èkejì kéré, ó pupa, kò lè kọjá apá mi. Mo gbóòórùn rẹ̀ bóyá màá gbọ́ pafúúmù. Òórùn rọ́bà ló ń rùn.

Bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀ ni Ìyá Sàámú sún mọ́ mi, ó ní òun kò fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ o, ṣùgbọ́n wọ́n ti rí Bàbá Bọ́lá ní Ìyànà Ìyẹsí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì, ní ṣọ́ọ̀bù obìnrin Ìlàjẹ kan tó ń rán àga bọ́ọ̀sì, tí wọ́n ń pè ní Màdáámù Kúṣìn. Ó ní opó ni. Ó ní ara rẹ̀ ò tóbi. Mo ní hẹn. Ìlàjẹ, ẹni tó mọ omi. Ara rẹ̀ ò tóbi, ẹ̀wù pupa. Ó pé.

Mo wọ léèsì mi tó dára jù, mo de gèlè, mo gun kẹ̀kẹ́ Marúwá lọ sí Ìyànà Ìyẹsí. Mo bá a nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, téèpù wà lọ́rùn rẹ̀. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó fún mi ní àga. Mo ní n kò wá jókòó. Mo bi í pé ìgbà wo ló fẹ́ bá ọkọ mi rin ìrìn àjò orí omi. Ó ní òun kò wọ omi mọ́ láti ìgbà tí òun ti kúrò nílé, pé omi tí òun ń bá ṣe báyìí kò ju èyí tó wà nínú ọ̀rá tí òun ń mu lọ. Mo ní ta ló wá ni bẹ́ẹ̀dì kúkúrú yẹn. Ó ní ìyá arúgbó kan ní Ìwòpin ni, ìyá ìyàwó Bàbá Bọ́lá. Ó wá wò mí láti orí gèlè dé bàtà, ó ní àbí ẹ̀yin ni ìyàwó ọ̀hún ni, Mà, ṣé wọn ò sọ fún yín ni?

N kò tíì gbà á gbọ́. Ó na ọwọ́ sókè, ó mú okùn kan lórí ìṣó. Okùn àwọ̀n ni, wọ́n fi ta kókó sí ibi tí orí dé, ibi tí èjìká dé, ibi tí ìbàdí dé, bí a ṣe máa ń wọn nǹkan nílé wa tí a kò lo téèpù. Ó ní awakọ̀ kan ló gbé e wá láti Ìwòpin. Mo gbà á, mo yí i sí ìmọ́lẹ̀. Ọwọ́ òsì ló ta kókó náà. Ìyá mi, lẹ́yìn yín, n kò rí ẹlòmíràn tó ń fi ọwọ́ òsì ta kókó àwọ̀n rí láyé mi. Mo jókòó sórí àga tí mo ti kọ̀.

Nígbà tí mo délé, ọkọ mi rí okùn náà lọ́wọ́ mi, kò dúró kí n béèrè. Ó ní nítorí yín lòun ṣe ra ọkọ̀ náà. Ẹ ní ẹ kò wọ mọ́tò, òun wá ọ̀nà tí kò ní mọ́tò nínú. Ó ní bí òjò bá dáwọ́ dúró, tí omi bá rọlẹ̀, òun máa gbéra láti Ológè pẹ̀lú awakọ̀ kan tó mọ ojú omi dáadáa, wọn ó rọra gba ọ̀sà Èkó kọjá, wọn ó gba Ẹ̀pẹ́ títí dé Ìwòpin, wọn ó sì gbé yín bọ̀ wá wo ilé ọmọ yín. Ó ní ẹ̀yin àti òun ti ń sọ̀rọ̀ ní alaalẹ́ lórí fóònù ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin lẹ ní kó yọ irin kúrò. Ẹ̀yin lẹ sọ ibi tí ìdákọ̀ró máa wà. Ẹ̀yin lẹ ní kó má gbé ẹrù wúwo síwájú. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní bí èmi àti ẹ̀yin bá fi lè jọ sọ ọ́ pẹ́nrẹ́n, a ó jà, ẹ ó ní ẹ kò wá mọ́, èmi náà á ní kí ẹ dúró síbẹ̀, òun á sì wá jókòó ti ọkọ̀ ojú omi nínú ẹrẹ̀ Ìjù bí òmùgọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀dì tèmi ńkọ́? Ó ní èmi kọ́ ni mo dúró níwájú gbogbo àdúgbò tí mo ní ẹsẹ̀ mi kò ní kàn án ni? Ó ní òun ti fẹ́ mi pẹ́ tó láti mọ̀ pé n kì í yí ọ̀rọ̀ padà.

Ẹ ó máa rò ó báyìí pé inú mi ti dùn. Ẹ má rò bẹ́ẹ̀. Owú tí mo ń jẹ obìnrin Ìlàjẹ, mo gbé e kúrò lórí rẹ̀, mo gbé e ka orí yín. Èmi sọ̀rọ̀ irin, kò gbọ́. Ẹ̀yin sọ ọ́ láti òdìkejì omi, ó gé fèrèsé mẹ́rin kí ojúmọ́ tó mọ́ dáadáa. Ẹ̀yin àti ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù ní alaalẹ́. Èmi tí ẹ bí, bí ẹ bá pè mí, ẹ ó bi mí bóyá mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ó ní kí owó fóònù má tán. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, iwájú ọkọ̀ lẹ máa ń fi ẹ̀gbọ́n mi sí kó máa wo ayé. Ẹ̀yìn lẹ máa ń fi èmi sí, ẹ ó fi igbá lé mi lọ́wọ́ kí n máa gbọ́n omi. Mo gbọ́n omi yẹn títí mo fi relé ọkọ. Ẹ̀yìn orí yín ni mo mọ̀ jù lára yín.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ ohun tí mo ti ṣe. Mo ti yọ fómù obìnrin yẹn dànù. Mo gé tuntun fúnra mi, ó le nísàlẹ̀, ó rọ̀ lókè, okùn yín ni mo fi wọ̀n ọ́n, kókó kan tẹ̀ lé kókó kan. Aṣọ olódòdó náà ni mo dá padà sórí rẹ̀, torí ọwọ́ rẹ̀ dára. Mo ní kí Bàbá Bọ́lá kan ìjókòó kan sí iwájú pátápátá, kó fẹ̀ tó ìbàdí mi, ó sì ti kàn án. Ó ra ẹ̀wù ńlá kẹta. Mo ti ra bàtà rọ́bà tó ga dé orúnkún. Ẹsẹ̀ mi kò ní kan ọkọ̀ náà. Bàtà ni yóò kàn án. Èmi náà ń bọ̀ wá mú yín, èmi ni n ó jókòó síwájú bí a bá ń lọ, èmi náà ni n ó sì jókòó síwájú bí a bá ń bọ̀. Igbá ìgbọ́nmi wà lẹ́yìn. N kò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni dì í mú, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò ní wọ ọkọ̀ yìí.

Mo bi ọkọ mi pé láti Ológè dé Ìjù ńkọ́, ṣé omi dé ẹnu ọ̀nà wa ni? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀yin ti yanjú ìyẹn náà. Ó ní ẹ ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ ojú omi sórí ọkọ̀ akẹ́rù pẹ̀lú yín nínú rẹ̀, pé ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi kò sí nínú mọ́tò. Nígbà tó sọ ìyẹn, mo wo orúnkún mi, mo wo bàtà rọ́bà mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Kí Ọlọ́run dá yín sí títí omi ó fi rọlẹ̀. Kó fún yín ní oorun rere, kí egungun yín le, kí ojú yín ríran dé ilé mi. Ẹ bá mi kí gbogbo agbo ilé, ẹ kí àwọn tó mọ̀ tí wọn kò sọ fún mi, ẹ ní mo ti mọ orúkọ wọn. Ọkọ mi ń kí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ti gbọ́ ohùn rẹ̀ lálẹ́ àná.

Ìyá Sàámú ṣì ń béèrè omi tí mo kọ̀ láti bù lọ́jọ́sí. Mo ti sọ fún un pé kó ní sùúrù, ìyàwó ọ̀hún ṣì ń bọ̀. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá gbé yín dé, tí wọ́n bá sọ̀ yín kalẹ̀, ẹ má tíì kọjá ẹnu ọ̀nà. Ẹ dúró níbẹ̀ kí gbogbo àdúgbò rí yín. Èmi ni ìyálé ilé yìí, èmi ni n ó bu omi náà wá, èmi ni n ó wẹ ẹsẹ̀ yín kí ẹ tó wọlé.

Èmi ni, ọmọ yín,
Adúkẹ́